Ìbéèrè Kẹtàdínlógójì

Ọjọ́ tí Wọ́nlẹ̀wọ́nlẹ̀ kọ́kọ́ gun àtẹ̀gùn ilé iṣẹ́ wa, òjò ti pa á dé egungun. Omi ń kán ní etí rẹ̀ méjèèjì, ṣùgbọ́n ìwé àkọsílẹ̀ mẹ́sàn-án tó fi ọ̀rá dì mọ́ àyà kò tutù rárá. Mo wo ìwé, mo wo ojú rẹ̀, mo tún wo ojú rẹ̀. Ká ní mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà máa já sí ni, ǹ bá ti ka gbogbo ohun tí ọkùnrin yẹn kọ, títí dé ìlà tó kẹ́yìn pátápátá.

Ilé ìtẹ̀wé kékeré ni tiwa, yàrá méjì péré lórí ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún bàtà ṣe. Láti àárọ̀ ni òòlù rẹ̀ ti máa ń dún kó-kó-kó lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Ọ̀gá wà ní yàrá ẹ̀yìn pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ tó máa ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó sáré gun òkè. Màmá Gọ́ọ̀mù ló ń di ìwé. Àgbàlagbà ni wọ́n, ìka wọn kì í yé lẹ̀ mọ́ra, ẹnu wọn kì í sì í yé là. Èmi ni mo wà nídìí kọ̀ǹpútà létí fèrèsé. Màmá Gọ́ọ̀mù ló sọ mí ní Ìyàwó Kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní àwọn ò rí ọkọ mìíràn tí mo ń tẹjú mọ́.

"Ti màmá mi ni," Wọ́nlẹ̀wọ́nlẹ̀ wí, ó ń tú ọ̀rá náà. "Agbẹ̀bí ni wọ́n. Ogójì ọdún ni wọ́n fi ṣe é. Gbogbo ọmọ tí wọ́n bá gbẹ̀bí rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ojú wọn ti ń ṣú báyìí. Mo fẹ́ kó di ìwé kí ó tó..."

Kò lè parí rẹ̀.

"Kí wọ́n lè fi ojú ara wọn kà á," mo bá a parí ẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ṣé."

"Ẹ má tíì dúpẹ́. Ìkọ̀wé màmá yín ń sáré bí ẹni tí aláboyún ń dúró dè."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Háà, ẹ̀rín yẹn! Ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀tún ni ó ti máa ń bẹ̀rẹ̀, tí á wá rọra rìn dé òsì, bí ẹni tó kọ́kọ́ fẹ́ wọn ilẹ̀ ibẹ̀ kó tó kọ́lé sí i. Ilẹ̀ wíwọ̀n niṣẹ́ rẹ̀ lóòótọ́. Eruku máa ń wà ní bàtà rẹ̀, pẹ́ńsù méjì máa ń wà ní àpò àyà rẹ̀, gbogbo nǹkan ló sì máa ń kà: àtẹ̀gùn wa mẹ́rìnlá, ìgbésẹ̀ mẹ́sàn-án láti ẹnu ọ̀nà dé tábìlì mi.

Àwọn ènìyàn rò pé kí á sáré tẹ ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ wa. Ìyẹn kò tó nǹkan. Aṣọ tí a ń wọ̀ fún ọ̀rọ̀ niṣẹ́, aṣọ yẹn la ń pè ní sítáìlì. Kọ̀ǹpútà ní tirẹ̀ tó bá a wá láti ibi tí wọ́n ti ṣe é, ṣùgbọ́n èmi ò fẹ́ràn aṣọ àránsílẹ̀. Tèmi ni mo máa ń rán. Fún ìwé Màmá Agbẹ̀bí, mo rán mẹ́rin. Èyí tí mo pè ní "Orí" ni fún àkọlé, lẹ́tà rẹ̀ tóbi, ó dúdú, mo sì fi àyè sílẹ̀ fún un lókè nísàlẹ̀ kí ó lè mí. "Ọ̀rọ̀ Màmá" ni ìtàn fúnra rẹ̀ wọ̀. "Ọmọ Tuntun" ni fún ìlà díẹ̀ tí wọ́n máa ń kọ nípa ọmọ kọ̀ọ̀kan: bó ṣe wúwo tó, bí ojú ọjọ́ ṣe rí, àti ta ló kọ́kọ́ sunkún, ìyá ni àbí ọmọ. Mo jẹ́ kí lẹ́tà ìyẹn fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ díẹ̀, kó wọnú ojú ìwé, bí ọmọ tó sùn sápá ìyá rẹ̀.

Ìkẹrin ni "Ìbéèrè". Àwọ̀ ewé ni mo fún un. Ibi tí mi ò bá ti lè ka ìkọ̀wé Màmá, màá fi àwọ̀ ewé béèrè níbẹ̀ gan-an láàrin ọ̀rọ̀, màá fi fáìlì ránṣẹ́ sí Wọ́nlẹ̀wọ́nlẹ̀ lórí ímeèlì, òun náà á fi àwọ̀ ewé dáhùn, á dá a padà. Tí ìwé bá ti fẹ́ lọ sẹ́nu ẹ̀rọ, a ó kó gbogbo àwọ̀ ewé kúrò. Bí a ṣe ń ṣe é fún gbogbo oníbàárà nìyẹn.

Ọjọ́ kan ó mú Màmá wá. Wọ́n jókòó tì mí, wọ́n sún imú mọ́ kọ̀ǹpútà.

"Ọmọ mi, mi ò rí nǹkan kan. Ó dà bí ìgbà tí èèrà ń tò lọ."

"Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan, Màmá."

Mo ṣí sítáìlì "Ọ̀rọ̀ Màmá", mo yọ méjìlá tó jẹ́ ìwọ̀n lẹ́tà kúrò, mo fi ogún sí i. Gbogbo ojú ìwé dìde lẹ́ẹ̀kan náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Màmá pariwo.

"Yéè! Gbogbo wọn ló dàgbà pọ̀! Ọdún mélòó ni mo fi ń retí kí eléyìí dàgbà?" Wọ́n na ìka sí ọmọ wọn. "Ìwọ ọmọbìnrin yìí, ṣé o lè bá mi tẹ̀ ẹ́ lórí kí òun náà ní ọgbọ́n?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́," Wọ́nlẹ̀wọ́nlẹ̀ wí, ojú ń tì í.

"Kí ni mo sọ? Mo ní kó gbọ́n ni. Ìyàwó mi, ṣé mo sọ nǹkan tí kò dáa?"

Ìyàwó mi. Ọ̀rọ̀ yẹn bọ́ sí mi láyà, kò jáde mọ́. Wọ́nlẹ̀wọ́nlẹ̀ ní kí n kọ́ òun ní ohun tí mo ṣe yẹn. Mo kọ́ ọ. Ó fa àga mọ́ mi, èjìká rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tèmi. Mo fi bí èèyàn ṣe ń dá sítáìlì hàn án, bó ṣe ń fún un lórúkọ, bó ṣe ń wọ̀ ọ́ fún ọ̀rọ̀. Mo tún fi hàn án pé bí mo bá tẹ orúkọ sítáìlì kan, kọ̀ǹpútà á sọ iye ibi tó wà fún mi, á sì lè mú gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

"Tí o bá wá pa á rẹ́ ńkọ́?"

"Gbogbo rẹ̀ á lọ."

"Láìjẹ́ pé o tún wò wọ́n?"

"Kí ni mo tún fẹ́ wò?"

Ó mi orí. Mo rò pé iṣẹ́ ló ń yà á lẹ́nu.

Bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń gorí ọ̀sẹ̀, àwọ̀ ewé wa ń pọ̀ sí i. Òun ló ń fún wọn ní nọ́ńbà. Ìbéèrè kẹrin, mo kọ pé: "Mi ò rí ibí yìí kà, ó dà bíi pé tíì dà sí i." Ó dáhùn pé: "Tíì ni. Èmi ni mo dà á sí i, ọmọ ọdún méje ni mí. Etí mi ṣì ń ta mí." Ìbéèrè kọkànlá: "Màmá kọ pé ọmọ yìí bá eyín kan wáyé. Ṣé òótọ́ ni?" Ìdáhùn: "Òótọ́ ni. Ó ti di dókítà eyín. Irọ́ ni mo pa, mi ò mọ ibi tó wà." Mo rẹ́rìn-ín títí Ọ̀gá fi yọrí síta. Ìbéèrè kejìdínlógún, mo bi í pé: "Ṣé ẹ ti jẹun?" Ó ní: "Jọ̀ọ́, yọ 'ẹ' yẹn kúrò lọ́rọ̀ mi, mi ò tíì hu irun funfun." Látìgbà náà ni mo ti ń pè é ní "o". Ẹ ò lè mọ bó ṣe dùn tó lẹ́nu mi.

Tó bá wá síbi iṣẹ́, ẹnu rẹ̀ wúwo. Á kí wa, á ka àtẹ̀gùn, á dúró. Inú àwọ̀ ewé nìkan ni ọ̀rọ̀ ti máa ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀. Ohun tó yẹ kí n fi sọ́kàn nìyẹn.

Ìbéèrè kọkànlélọ́gbọ̀n ni ó fi sọ fún mi pé wọ́n pe òun síṣẹ́ ojú irin kan ní òdìkejì òkun, ọdún mẹ́ta, wọ́n sì ń retí ìdáhùn òun ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kò sọ pé òun fẹ́ lọ. Kò sọ pé òun ò fẹ́. Mo tẹ ìdáhùn, mo pa á rẹ́, mo tún tẹ̀ ẹ́. Ìgbẹ̀yìn gbẹ́yín, mo kọ ọ̀rọ̀ méjì: "Kú oríire."

Màmá Gọ́ọ̀mù kà á láti ẹ̀yìn mi.

"Kú kí ni? Ìwọ ọmọ yìí, orí ẹ pé ṣá?"

"Kí ni kí n wí, Màmá?"

"Kí o ní kó má lọ! Ojoojúmọ́ lo ń wo ẹnu ọ̀nà bí ẹni tó ń retí lẹ́tà."

"Òun ni ọkùnrin. Òun ló yẹ kó sọ̀rọ̀. Kó dúró níwájú mi, kó di ọwọ́ mi mú, kó wo inú ojú mi, kó sọ ọ́ bó ṣe yẹ kí wọ́n sọ ọ́."

"Kí òjò sì máa rọ̀, àbí?"

"Tó bá rọ̀, kò burú."

"Àwọn ìwé ìfẹ́ tí o ń kó pa mọ́ sábẹ́ tábìlì yẹn, lọ́jọ́ kan ni mo máa fi gọ́ọ̀mù lẹ gbogbo ojú ìwé wọn pọ̀." Wọ́n padà sídìí iṣẹ́ wọn, wọ́n ń kùn. "Ọwọ́ ló ń wá. Kò rí èèyàn."

Lọ́jọ́rú, ọjọ́ méjì sí ọjọ́ Ẹtì yẹn, Wọ́nlẹ̀wọ́nlẹ̀ wá. Ìgbésẹ̀ mẹ́sàn-án dé tábìlì mi. Ó yọ pẹ́ńsù kan lápò, ó dá a padà.

"Mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan."

Ọkàn mi ń lù ju òòlù oníbàtà lọ. Ó ti dé, mo wí nínú ara mi. Ó ti dé.

Ìgbà yẹn ni Ọ̀gá jáde láti ẹ̀yìn, íǹkì ní imú. "Ẹ̀yin lẹ ni ìwé agbẹ̀bí, àbí? Nọ́ńbà ojú ìwé ńkọ́, ṣé òkè lẹ fẹ́ ẹ ni àbí ìsàlẹ̀?"

Wọ́nlẹ̀wọ́nlẹ̀ wo Ọ̀gá, ó wò mí. "Ìsàlẹ̀," ó wí. "Ó dáa ní ìsàlẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ béèrè náà nìyẹn." Ó ti ń fà sẹ́yìn. "Màá fi fáìlì ránṣẹ́ lówurọ̀ ọ̀la, lẹ́yìn tí mo bá ti yẹ̀ ẹ́ wò tán."

Nọ́ńbà ojú ìwé! Mo bínú. Mo bínú débi pé mi ò lè dá Màmá Gọ́ọ̀mù lóhùn nígbà tí wọ́n ní kí n sáré tẹ̀ lé e. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ mi á mọ ọ̀nà ẹnu rẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, fáìlì dé. Ọ̀rọ̀ tó bá a wá kò pọ̀: "Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Jọ̀ọ́, kà á dé ìparí." Ọ̀gá ń pariwo láti ẹ̀yìn pé ẹ̀rọ ti gbóná, kí n tètè. Mo tẹ orúkọ sítáìlì "Ìbéèrè". Kọ̀ǹpútà sọ fún mi pé ó wà níbi mẹ́tàdínlógójì.

Mẹ́rìndínlógójì ni mo kà lánàá. Mo rí i. Ojú mi rí i dáadáa, mi ò ní tan ara mi jẹ. Mo mọ̀ pé ẹyọ kan ti lé sí i. Mo pòṣé. Mo ní, "Nọ́ńbà ojú ìwé rẹ̀ náà nìyẹn." Mo mú gbogbo rẹ̀ pọ̀, mo tẹ bọ́tìnì kan. Àwọ̀ ewé parẹ́ kúrò nínú igba ojú ìwé ó lé mẹ́rìnlá. Inú mi tilẹ̀ dùn sí bó ṣe mọ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó wá kó ìwé rẹ̀. Ogún ẹ̀dà, Màmá Gọ́ọ̀mù ti tò wọ́n sórí tábìlì. Ó mú ti òkè pátápátá. Kò wo èèpo ìwé náà. Kò wo àwòrán ìyá rẹ̀ tí a fi síwájú. Ojú ìwé tó kẹ́yìn ló ṣí. Ó wò ó pẹ́, bí ẹni tó ń wá nǹkan tó bọ́ sílẹ̀.

"Ṣé o kà á dé ìparí?"

"Mo kà á."

Irọ́ ni. Mi ò kà á. Iyì ni mo ń gbà.

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀. Ṣé àṣìṣe wà níbẹ̀ ni? Ẹ jẹ́ kí n wò ó."

Ẹ. Mo ti dá "ẹ" padà sáàrin wa bí ẹni tó ti ilẹ̀kùn. Mo rí i bó ṣe gbọ́ ọ. Ẹ̀rín rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, kò dé òsì.

"Rárá," ó wí. "Kò sí àṣìṣe kankan. Ó mọ́ tónítóní." Ó pa ìwé náà dé. "O ṣeun gan-an. Ó dàbọ̀."

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá. Mo ń retí kó dúró lórí ọ̀kan. Kò dúró.

Ọdún kan kọjá, òmíràn tẹ̀ lé e. Kọ̀ǹpútà mi àtijọ́ kú, ó sì gbé gbogbo fáìlì tó wà nínú rẹ̀ lọ. Ọ̀gá ra tuntun. Mi ò gbọ́ nǹkan kan láti òdìkejì òkun, èmi náà ò béèrè.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo gbọ́ kó-kó-kó lórí àtẹ̀gùn, mo rò pé oníbàtà ni. Ọ̀pá Màmá Agbẹ̀bí ni. Wọ́n ti gbó sí i, ṣùgbọ́n ẹnu wọn kò gbó.

"Ṣé ọmọ tó ń mú ọ̀rọ̀ dàgbà ṣì wà níbí?"

"Mo wà, Màmá. Ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó."

Wọ́n ní ìwé ti tán, àwọn agbẹ̀bí ẹgbẹ́ wọn ń béèrè rẹ̀, kí á tẹ òmíràn. "Ṣùgbọ́n ó ku ojú ìwé kan tí màá fi kún un." Wọ́n yọ ìwé kékeré kan lápò, ìlà bíi mélòó kan ni, àwọn lẹ́tà náà tóbi, wọ́n ń wọ́ lọ sókè sódò. "Ọmọ kan ṣoṣo tí mi ò gbẹ̀bí rẹ̀. Ọmọ ọmọ mi. Ọmọ mi fẹ́ ìyàwó ní òdìkejì òkun, wọ́n ti bí obìnrin."

"Ẹ kú oríire, Màmá," mo wí. Ọ̀rọ̀ kan náà. Kò rọrùn lẹ́nu ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Fáìlì kò sí lórí kọ̀ǹpútà tuntun, nítorí náà mo wọ inú ímeèlì, mo wá èyí tí Wọ́nlẹ̀wọ́nlẹ̀ fi ránṣẹ́ kẹ́yìn. Mo ṣí i. Gbogbo àwọ̀ ewé wa padà wá: tíì, eyín, ẹ ti jẹun, kú oríire. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìparí kí n lè rí ibi tí màá fi ojú ìwé tuntun sí. Lábẹ́ gbólóhùn Màmá tó kẹ́yìn, ó wà níbẹ̀.

"Ìbéèrè kẹtàdínlógójì: Mo fẹ́ fi ẹnu sọ ọ́ lánàá, ẹnu mi kọ̀. Ibí nìkan ni mo ti mọ bí mo ṣe ń bá ọ sọ̀rọ̀. Tí o bá ní kí n dúró, mi ò ní lọ. Mi ò fẹ́ kójú tì ọ́, torí náà má kọ nǹkan kan. Tí o bá fẹ́ kí n dúró, má pa ìlà yìí rẹ́. Fi í sílẹ̀ nínú ẹ̀dà kan péré, kó o fi ẹ̀dà náà sókè pátápátá. Tí o bá pa á rẹ́, mo ti gbọ́ nìyẹn, mi ò ní yọ ọ́ lẹ́nu mọ́."

Mo kà á. Mo tún un kà. Òòlù oníbàtà ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ mi.

"O dákẹ́," Màmá wí. Ojú wọn kò ríran dé kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n etí wọn pé. "O ti dé ibẹ̀, àbí?"

"Ibo, Màmá?"

"Ó sọ fún mi nígbà tó ń di ẹrù. Mo ní, lọ fi ẹnu bi í. Ó ní òun ti béèrè, pé o sì kà á, o pa á rẹ́." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Mi ò ní parọ́ fún ọ, mo bínú sí ọ. Odindi oṣù mẹ́ta. Mo ní, ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín sí mi báyẹn! Ṣùgbọ́n bí ọkàn rẹ kò bá sí níbẹ̀, kí ni kí o ṣe? Ó ti tán nínú mi."

Ọ̀rọ̀ náà dé ètè mi. Màmá, mi ò kà á. Gbólóhùn kékeré. Tí mo bá sọ ọ́, mo mọ ìyá yẹn, wọn ò ní délé kí wọ́n tó gbé fóònù. Òun á sì gbọ́ ọ níbi tó wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀, pẹ̀lú ọmọ lápá. Á padà lọ ka gbogbo nǹkan láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ó ṣe máa ń ka gbogbo nǹkan.

Mo gbé e mì.

"Ẹ má bínú, Màmá."

"Ó ti tán, mo wí. Tẹ ti ọmọ mi fún mi. Ṣe é kó tóbi."

Mo wọ sítáìlì "Ọmọ Tuntun" fún un, mo sì tẹ ohun tí wọ́n kọ: "Obìnrin ni. Wọ́n ní òtútù mú níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ sunkún, bàbá rẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Èmi ò sí níbẹ̀, orí fóònù ni mo ti gbọ́ igbe rẹ̀." Mo kà á sókè fún wọn. Wọ́n ní kí n tún un kà. Mo tún un kà.

Nígbà tí wọ́n lọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àwọ̀ ewé. Mi ò mú wọn pọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo kà wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo pa wọ́n rẹ́, mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógójì. Mo tẹ ẹ̀dà kan kí n tó fọwọ́ kan èyí tó kù. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo pa á rẹ́ fún àwọn ẹ̀dà yòókù.

Ní ọjọ́ kejì, Màmá Gọ́ọ̀mù ń to ojú ìwé jọ, wọ́n dúró.

"Ìyàwó Kọ̀ǹpútà, o gbàgbé àwọ̀ ewé kan nínú eléyìí. Ní ìparí."

"Mi ò gbàgbé, Màmá."

Wọ́n fi awò ojú wọn sí i. Wọ́n kà á, ètè wọn ń mì díẹ̀díẹ̀. Mo ń dúró de èébú, mo ń dúró de yẹ̀yẹ́. Wọ́n fa ike gọ́ọ̀mù mọ́ra, wọ́n fi ìka kùn ún sí ẹ̀yìn ìwé náà, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ pa títí ó fi mú. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé e sórí gbogbo àwọn yòókù, sókè pátápátá.